Nígbà Tí Àdúgbò Bá Ń Bẹ̀rù Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ní Abobo, ní apá àríwá ìlú Abidjan, ohun kan wà tí àwọn èèyàn fi tipátipá kọ́ lẹ́yìn ogun: wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún ọmọdé. Bí ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀ bá rí ọmọkùnrin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí wọ́n ń rọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà, ilé tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ló máa yà sí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù á yára fi í pa mọ́. Oníṣọ́ọ̀bù á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n o. Rírí tí wọ́n rí àwọn ọmọ náà lásán ti tó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò fara sin. Nígbà míì, àwọn ọmọ náà á ṣe bí ẹni ń bára wọn jà. Kí ẹni tó ń kọjá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti yí i ká, ni àdá àti ọ̀bẹ bá yọ. Wọ́n á gba fóònù, wọ́n á gba owó, wọ́n á já ẹ̀gbà ọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn du nǹkan rẹ̀, wọ́n á ṣá a. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ti fọ́n ká sínú àwọn ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ọlọ́pàá kò lè gbà. Ẹni tó ti lé ní ogún ọdún wà nínú wọn, ẹni tí kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abobo ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbúròó wọn, kó tó di pé Adjamé, Attécoubé àti Yopougon náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Orúkọ tí àwọn ará Abidjan sọ wọ́n ni microbes. Kòkòrò àrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé, irú èyí tí ojú lásán kò lè rí ṣùgbọ́n tó lè pa àgbàlagbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ni pé inú fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Brazil ní ọdún 2002, City of God, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Fíìmù ọ̀hún dá lórí àwọn ọmọ tó ń gbé ìbọn kiri ní àdúgbò àwọn òtòṣì kan ní Rio de Janeiro.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ yìí sì gbé ìbéèrè kan síwájú gbogbo ẹni tó bímọ. Kí ni èèyàn ń ṣe sí kòkòrò àrùn? Oògùn apakòkòrò ló máa fọ́n sí i. Kí ló sì ń ṣe sí ọmọ? Títọ́ ló máa tọ́ ọ. Ìlú Abidjan ti gbìyànjú méjèèjì, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè

Ọ̀nà etíkun tó gba Cotonou, Lomé àti Accra láti Èkó dé Abidjan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ. Láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbà á. Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire, àwọn tó sì ń sọ Faransé geere bí ẹni ń sọ Yorùbá kò lóǹkà níbẹ̀. Ní Treichville, ní Adjamé àti ní Abobo fúnra rẹ̀, àwọn ìyá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anago ń tajà. Bí ẹ̀rù bá ba ọjà Abobo lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù á ti dún ní Èjìgbò.

Àwọn tó wà nílé náà kò sì ṣàì mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé àwọn ará Èkó àti Ògùn mọ́lé nítorí àrùn kòrónà, ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe ara wọn ní One Million Boys àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Awawa kò jẹ́ kí Agége àti àyíká rẹ̀ sùn. Bàbá àti ọmọ jọ ṣọ́ àdúgbò lóru. Wọ́n dáná sun táyà lójú títì, wọ́n mú igi àti irin dání, wọ́n sì jókòó ti iná náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Orúkọ lásán ló yàtọ̀. Ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ Abobo àti ti Agége.

Ogun ló bí wọn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n dìbò yan ààrẹ ní Côte d'Ivoire. Laurent Gbagbo tó wà lórí àlééfà sọ pé òun ló wọlé, Alassane Ouattara náà sọ pé òun ni. Ọ̀rọ̀ náà di ìbọn. Kó tó di pé wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 2011, ó lé ní 3,000 èèyàn tó ti kú. Abobo wà lára àwọn ibi tó jìyà jù lọ. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 2011, wọ́n yìnbọn fún àwọn obìnrin tó ń wọ́de níbẹ̀, obìnrin 7 sì kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ju bọ́ǹbù sí agbègbè ọjà.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ fi igi àti táyà dínà, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ àti èèyàn wò. Àwọn ọmọdé wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń bá wọn ra oúnjẹ, wọ́n ń bá wọn ṣọ́nà, wọ́n ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíì. Ohun tí ọmọ bá fojú rí kì í tètè kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ẹnì kan bá ti mú ohun ìjà dání, bàbá arúgbó pàápàá á dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i pé ìgbọràn tí olùkọ́ fi ọdún gbáko wá láìrí, àdá máa ń rí i gbà ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí ogun parí, ìjọba dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ADDR sílẹ̀ ní ọdún 2012 láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tó jagun, kí wọ́n sì bá wọn wá iṣẹ́ tí wọ́n á máa ṣe. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jagun, tó sì ní ìbọn tó máa fi sílẹ̀, ni ètò náà wà fún. Ọmọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń rán an kò ní nǹkan kan tó máa kó wá, àfi ohun tó ti kọ́.

Síbẹ̀, ogun nìkan kọ́. Francis Akindès, onímọ̀ nípa àwùjọ tó ń kọ́ni ní yunifásítì ìlú Bouaké, wà lára àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé jáde ló yẹ kó mú kí àwọn òbí jókòó sílẹ̀ ronú: púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ tó ń sùn lójú títì. Wọ́n nílé. Wọ́n ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ń bu oúnjẹ alẹ́ dè wọ́n. Ṣùgbọ́n inú yàrá kan ṣoṣo ni èrò rẹpẹtẹ ń sùn, òbí ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó dé. Ọmọ ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé láti òwúrọ̀ ló ti ń gbé tramadol mì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí àyà má bàa máa já a.

Àgbà tó wà lẹ́yìn wọn

Ọmọ ọdún méjìlá tó já fóònù gbà kò mọ ẹni tó máa rà á. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n. Nínú èdè ìgboro Abidjan tí wọ́n ń pè ní nouchi, vieux père ni ọmọ tó wà lábẹ́ ẹnì kan máa ń pe ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn bàbá àgbà, bí ọ̀gá náà kò tiẹ̀ tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀gá náà á máa pe ọmọ ọ̀hún ní fiston, ìyẹn ọmọ mi ọkùnrin. Orúkọ ilé ni orúkọ méjèèjì. Ìta yá wọn lò, torí ó mọ ohun tí ebi rẹ̀ ń pa ọmọ náà: ẹni tó máa bi í bóyá ó ti jẹun, ẹni tó máa yìn ín, ẹni tó máa gbèjà rẹ̀ bí wọ́n bá lù ú. Ohun tí ọmọ máa fi san án padà ni kò mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kì í sì í ṣe òní ni àwọn àgbà Abidjan bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ọ̀dọ́ dẹ́rù ba èèyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, àwọn géńdé tí wọ́n ń pè ní loubards ni ìgboro ń bẹ̀rù. Nígbà tí ìjọba fàyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ ní ọdún 1990, àwọn olóṣèlú kan rí iṣẹ́ fún irú wọn: kí wọ́n máa ṣọ́ ọ̀gá, kí wọ́n sì máa tú ìpàdé ẹlòmíì ká. Ní àwọn ibùdókọ̀ Adjamé àti Abobo, àwọn gnambro wà níbẹ̀, àwọn tí ará Èkó máa pè ní agbèrò. Bí ọkọ̀ gbaka, tó dà bíi dáńfó, bá ti gbèrò, wọ́n á na ọwọ́. Awakọ̀ tí kò bá fún wọn lówó á rí i pé dígí ọkọ̀ òun ti fọ́. Ìjà àárín àwọn gnambro fúnra wọn ti sọ ibùdókọ̀ di ojú ogun lọ́pọ̀ ìgbà, èrò ọkọ̀ àti ìyá ọlọ́jà ló sì máa ń fara gbá a.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí ìbò ààrẹ tún ń bọ̀, àwọn èèyàn tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní Abidjan. Àjọ Amnesty International gbé ìròyìn jáde pé àwọn tó ṣojú wọn ní Yopougon rí àwọn ọkùnrin tó mú àdá àti igi dání, tí wọ́n ń lé àwọn tó ń wọ́de níṣojú ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, kí ló máa rò? Ó máa rò pé àdá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó rán èèyàn lọ mú un ló ṣe pàtàkì.

Nígbà tí èrò bá di adájọ́

Sùúrù àwọn ará Abobo tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ sí olórí àwọn ọmọ náà, ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé ní ogún ọdún, wọ́n sì lù ú pa ní gbangba. Fọ́tò rẹ̀ tàn ká gbogbo ìlú lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n ti ṣá lọ́wọ́, tí ìjọba kò sì gbèjà rẹ̀, kò ṣòro láti mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn. Ìyá tí wọ́n ti já àpò rẹ̀ gbà nígbà mẹ́ta láàárín oṣù kan kò nílò ìwàásù lórí àánú.

Ṣùgbọ́n kí ni pípa náà mú wá? Àwọn ikọ̀ náà kò tán. Àwọn ọmọ míì wà níbi tí wọ́n ti pa ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n ń wò. Wọ́n tún kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà tí ogun ti kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, pé ẹni tí èrò bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè pa ẹni tó dá nìkan wà.

Èrò kì í sì í wádìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, fídíò kan ń lọ káàkiri Abidjan. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé àwọn ará Niger ń fìyà jẹ ọmọ Côte d'Ivoire ní orílẹ̀-èdè Niger. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í bóyá òótọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ ti ya bo àwọn ará Niger ní Abobo, ní Anyama àti ní àwọn àdúgbò míì. Wọ́n lu àwọn oníṣòwò kéékèèké, wọ́n kó ọjà wọn, ẹ̀mí sì bọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ṣàlàyé pé ti àtijọ́ ni fídíò náà, àti pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ká a, kì í ṣe Niger rárá. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àmọ́ ní ti èrò, ọwọ́ tó bá sún mọ́ ọn ló máa gé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àlejò kankan, títí kan Anago tó ń tajà ní Abobo, yọ̀ nígbà tí èrò bá ń ṣe ìdájọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kàn lọ́la.

Ọ̀nà kejì

Ìjọba Côte d'Ivoire gbé ọlọ́pàá jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ tí wọ́n fún ètò náà ni Épervier, ìyẹn àwòdì. Wọ́n wọ àwọn ibùba, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn, ara sì tu àwọn àdúgbò kan fún ìgbà díẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣá ọmọnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́, ìyá tó ń lọ sọ́jà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lọ láìfòyà. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ìjọba ṣe kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí orúkọ àwọn ọmọ náà padà. Nínú ìwé ìjọba, wọn kì í ṣe kòkòrò àrùn mọ́, ọmọ tó bá òfin forí gbárí ni wọ́n. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí ilé ìtọ́sọ́nà kan ní M'Bahiakro, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ibi tó jìnnà sí Abobo àti sí àwọn ọ̀gá wọn, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n á ṣe máa bá èèyàn gbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n ṣòfin tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ ọdún 6 sí 16 wà nílé ẹ̀kọ́.

Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ìlú ni wọ́n fi ń tọ́ ọlọ́ṣà. Ibi tí ìṣòro wà gan-an kọ́ nìyẹn. Ìṣòro náà ni pé ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní M'Bahiakro máa padà sílé lọ́jọ́ kan. Yàrá kan náà ló ń padà sí, ojú ọ̀nà kan náà, ọ̀gá kan náà tó ṣì jókòó sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí àdúgbò bá ṣì ń pè é ní microbe, bí kò bá sí bírískílà tàbí mẹkáníìkì tó máa gbà á síṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kí i káàbọ̀, ìyẹn ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ìdílé

Ìdílé kò lè dá ikọ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀, àmọ́ ó lè pa ilẹ̀kùn tí àwọn ọ̀gá ìta ń gbà wọlé dé. Ilẹ̀kùn náà kì í ṣí lójijì. Ọmọ á kọ́kọ́ máa pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Bàtà tuntun á dé, yóò ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Fóònù kan á dé, yóò ní òun rí i he ni. Ó lè ní orúkọ míì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Òbí tó bá rí bàtà tuntun, tí kò béèrè, ti dáhùn ìbéèrè kan fún ọmọ náà: ó ti sọ fún un pé ohun tó bá ṣáà ti wọlé kò ní wàhálà.

Òbí tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè wà ní ibi méjì. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀kan ò fi tó ọmọ tọ́. Kí àwọn ìyá inú ilé kan náà bára wọn sọ ọ́ pé, ẹni tó bá wà nílé lọ́sàn-án ni ìyá gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Kí bàbá mọ orúkọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, kó sì mọ ilé wọn. Kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kan náà tí ọmọ náà kò bá wá, kó má dúró dé ìparí oṣù.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ ọmọ ńkọ́? Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Pípọ̀n kì í ṣe fífi pa mọ́. Òbí tó fi àdá pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú ohun tí wọ́n máa fi ṣá ọmọ ẹlòmíì. Kí òbí bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ òfin, kó dúró tì í ní kóòtù, kó sì máa lọ wò ó níbi tí wọ́n bá fi í sí.

Ní ti ìgboro, ẹ̀mí ju fóònù lọ. Ẹni tí wọ́n bá yí ká pẹ̀lú ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ bá wọn du nǹkan kan. Kí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́ máa rìn pọ̀, kí wọ́n má sì tẹ fóònù lójú ọ̀nà tàbí lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ní Côte d'Ivoire, nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 110 tàbí 111. 116 wà fún ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní Nàìjíríà, 112 ni, àwọn ará Èkó sì tún ní 767. Bí èrò bá ti ń pé jọ lé ẹnì kan lórí, kí òbí mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó pe ọlọ́pàá, kó má sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ní ìròlẹ́ òní, ní Abobo, ní Agége àti ní ọ̀pọ̀ ìlú míì, ọ̀gá ìta kan máa béèrè ọmọ kan. Ó máa dárúkọ rẹ̀, ó máa bi í bóyá ó ti jẹun, ó máa bi í pé níbo ló wà láti àárọ̀. Ìbéèrè ìyá àti bàbá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ ló máa ni ọmọ náà.